Nígbà Tí Àwùjọ Máa Ń Dáhùn

Akéde àdúgbò wa nígbà èwe mi kì í pariwo. Bó bá dé ìkóríta tó wà níwájú agbo ilé wa n'Íbàdàn, yóò lu agogo rẹ̀ díẹ̀, yóò sì dákẹ́. Àwọn obìnrin tó ń lọ ata yóò dáwọ́ ọlọ dúró. Àwọn ọkùnrin tó ń ta ayò lábẹ́ igi yóò gbórí sókè. Yóò tún lu ú, yóò tún dákẹ́. Ìgbà tí ẹnì kan bá dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà pé, "À ń gbọ́ o," ìgbà náà ni yóò tó la ẹnu. Yóò kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tó rán an, yóò bá ẹni náà kí wa, yóò wá jíṣẹ́ ní ìwọ̀nba gbólóhùn: ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ro ọ̀nà odò, tàbí àgùntàn tó sọnù tí olówó rẹ̀ ń wá. Yóò béèrè bóyá ọ̀rọ̀ yé wa. A ó ní ó yé wa. Ó di ìkóríta mìíràn nìyẹn.

Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ asọ̀rọ̀ láti ìgbà náà, ní gbọ̀ngàn ìlú, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ojúde, níbi ìyàwó àti níbi òkú. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ṣì wà lọ́kàn mi títí dòní, ohun kan náà ni wọ́n fi jọ akéde yẹn: wọ́n máa ń dúró gba ìdáhùn. Wọn ò gbà pé ọ̀rọ̀ ti jáde nígbà tó jẹ́ pé ẹnu àwọn nìkan ló ṣì ń sọ ọ́. Èyí ló ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fi gbé gègé, torí mo rí i pé ó ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ìyá bàbá mi ló kọ́kọ́ kọ́ mi níṣẹ́ dídúró gba ìdáhùn yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹsẹ̀ tẹ iléèwé rí. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ pé bí apààlọ́ bá ní "Ààlọ́ o," a ó ní "Ààlọ̀." Ohun tí màmá ń ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Etí rẹ̀ kì í kúrò lára ègbè. Bí ègbè bá ti ń rọ̀, tó mọ̀ pé oorun ti fẹ́ gbé àwọn kan lọ, kò ní gbóhùn sókè. Ńṣe ni yóò rẹ ohùn sílẹ̀, yóò mú orúkọ ọmọ tó ń tòògbé, yóò sì tì í bọ inú ààlọ́: ìjàpá rìn títí, ó pàdé ọmọ kan tó ń jẹ́ báyìí báyìí. Ọmọ náà yóò ta gìrì, àwa yòókù yóò bú sẹ́rìn-ín, agbo yóò sì tún gbóná. Ààlọ́ kan náà tó gba odindi alẹ́ lọ́jọ́ kan, lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀ á ti parí kí iṣu orí iná tó jinná. Ojú wa ni màmá ń wò tó fi ń mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe yẹ kó gùn tó.

Bí mo ṣe dàgbà díẹ̀ tí wọ́n ń jẹ́ kí n jókòó sẹ́bàá ìpàdé ẹbí, mo rí ẹ̀kọ́ kejì, òun ló sì jinlẹ̀ jù lójú tèmi: ìkíni. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú Mógàjí wa, olórí agbo ilé, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò kí Mógàjí, yóò kí àwọn àgbà ilé lọ́kùnrin lóbìnrin, yóò kí àwọn ìyàwó ilé, yóò kí àwọn ọmọ ilé tó ti ilé ọkọ wá, kò sì ní gbàgbé àlejò bó bá wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fo àwọn kan, wọn ò ní dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Wọ́n á jẹ́ kó sọ ọ́ tán, kò kàn ní sí ẹni tó máa gbè é.

Àwọn ọ̀dọ́ òde òní máa ń rò pé ìkíni yìí ń fi àkókò ṣòfò. Mo ti gbọ́ ọ tí ẹnì kan gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ní òun ò ní fi àkókò wa ṣòfò lórí kíkí, kí a jẹ́ kí òun bọ́ sórí ọ̀rọ̀ kíá. Kò mọ̀ pé ibi ìkíni ni asọ̀rọ̀ ti ń mọ irú ilẹ̀ tó dúró lé. Bó o bá kí àwọn ìyàwó ilé tí ìdáhùn wọn tutù, o ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó o gbé wá, ọ̀dọ̀ wọn ló ti máa le. Bí àgbà kan bá dá ọ lóhùn tó sì fi àdúrà gígùn sí i, o ti rí ẹni tó máa gbè ọ́. Bí ìdáhùn bá ti ẹ̀yìn wá wínníwínní, o mọ̀ pé ohùn rẹ kò dé ọ̀hún, o ó sún síwájú. Kó o tó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ tó o bá wá, àwùjọ ti sọ tiwọn fún ọ tán, bó o bá létí.

Òwe náà ní ìlànà tirẹ̀. Ọmọdé kì í kàn já lu òwe níwájú àgbà. Yóò ní, "Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà," yóò sì dúró. Àwọn àgbà yóò dáhùn pé, "Wàá rí òmíràn pa." Ẹ wo ohun tí ìdúró kékeré yẹn ń ṣe: gbogbo ilé á ti fi etí sílẹ̀ kí òwe tó dé. Àwọn àgbà tó mọṣẹ́ gan-an kì í sì í pa òwe parí. Mógàjí wa lè wo àwọn tó ń jà, kó ní, "Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú," kó sì pa ẹnu mọ́. Àwùjọ ni yóò parí rẹ̀, pé bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Àgbà tó fẹ́ ṣi ìgbésẹ̀ gbé ti fi ẹnu ara rẹ̀ bá àwọn yòókù parí òwe náà, ó wá kù bí yóò ṣe lóun ò gbọ́. Mo ti rí i tí ìjà ogún parí bẹ́ẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ìyá mi náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, àdìrẹ ló ń tà ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta kó tó wá sílé bàbá mi n'Íbàdàn. Ó wà lára àwọn obìnrin tó rọ́ lọ sí ààfin Aké ní ìparí ọdún 1947 nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí nìyí: Aláké Adémọ́lá, ọba Ẹ̀gbá, kúrò nílùú ní 1948, ó sì kọ̀wé fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tó kó wọn jọ, ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, jẹ́ obìnrin tó ti kàwé nílùú òyìnbó, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá iléèwé, tí ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ dá sílẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn obìnrin tó kàwé. Mo bi ìyá mi pé kí ló wá mú kí àwọn alátẹ bíi tirẹ̀ gbọ́ ti irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi ní, "Òun ló kọ́kọ́ gbọ́ tiwa."

Ó ní nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lọ́jà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ, ó sì gbọ́ ọ dé òpin. Ó ń kọ́ àwọn ìyá ọjà ní ìwé kíkà. Nígbà tó yá, ó pa aṣọ òyìnbó tì, ìró àti bùbá ló ń wọ̀ bíi tiwọn. Bó bá sì dìde láti sọ̀rọ̀, Yorùbá ló ń sọ, kódà bí àwọn aláṣẹ òyìnbó bá wà ní ìjókòó. Àwọn ni kó wá ògbufọ̀. Ìyá mi máa ń sọ apá yìí pẹ̀lú ayọ̀ ńlá, torí ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun rí i tí òyìnbó ń wojú ẹlòmíràn kó tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ, tí àwọn obìnrin ọjà sì ti rẹ́rìn-ín tán, tí wọ́n ti dáhùn tán, kí ọ̀rọ̀ tó dé etí rẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni mo wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú Mábọlájẹ́, tó ń bá ti Awólọ́wọ̀ díje, ni bàbá mi ń ṣe, ẹ̀yìn Adégòkè Adélabú Pẹnkẹlẹ́mẹ̀sì ló wà tọkàntara. Nítorí náà ilé wa gbọ́ ti ọ̀tún, ó gbọ́ ti òsì.

Bàbá mi gbé mi lé èjìká lọ sí Mápó lọ́jọ́ kan tí Adélabú fẹ́ sọ̀rọ̀. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929 yẹn wà lórí òkè bó ṣe wà títí dòní, ojúde rẹ̀ sì kún débi pé n kò rí ju fìlà àti gèlè lọ. N kò lè parọ́ pé mo rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìró àwùjọ ni mo rántí. Á sọ díẹ̀, wọ́n á hó. Á dákẹ́, wọ́n á dákẹ́. Ẹnì kan á ké láti ẹ̀yìn, òun náà á sì dá ẹni yẹn lóhùn, ẹni ẹ̀yìn pátápátá yẹn. Èyí ló mú bàbá mi. Títí tó fi kú ló ń sọ ọ́ pé ọkùnrin yẹn, tó ti jẹ́ mínísítà ìjọba àpapọ̀, tó gbọ́ èdè òyìnbó débi tó fi kọ ìwé, kò sọ̀rọ̀ sí àwọn mẹ̀kúnnù Ìbàdàn rí bí ẹni tó wà lókè. Èdè Ìbàdàn pọ́ńbélé ló fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, òun ni wọ́n sì fi ń dá a lóhùn. Nígbà tí ìjàǹbá ọkọ̀ mú un lọ ní 25 oṣù kẹta ọdún 1958, ìlú dàrú, ẹ̀mí ṣòfò. N kò rí irú ẹkún bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi.

Ti Awólọ́wọ̀ yàtọ̀. Kì í ṣe aláwàdà, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ètò ni yóò gbé kalẹ̀, pẹ̀lú iye owó àti ọ̀nà tí yóò gbà wá. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rín kò ní rí i níbẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn dúró gbọ́ ọ, mo sì ti rò ó títí kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn kò ju bí 456,000 lọ ní 1954. Nígbà tó fi máa di 1955, wọ́n ti lé ní 800,000. Mo wà nínú wọn. Bó bá dìde tó ní òun yóò ṣe nǹkan, ìyá ọmọ tó jókòó níwájú rẹ̀ ti rí síléètì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Bàbá mi tó ń bá ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ jà kò yọ mí kúrò ní kíláàsì.

Ẹnu ẹni tó dùn jù nínú gbogbo wọn ni ti Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá. Mo ti tó ọ̀dọ́ nígbà tí mo ń gbọ́ tirẹ̀, mo sì ń fetí sí i bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń wo ọwọ́ ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń ní inú, ó sì máa ń ní ẹ̀yìn. Á ju ẹ̀dà ọ̀rọ̀ sílẹ̀, á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ yé á bú sẹ́rìn-ín, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á bi í léèrè, ẹ̀rín kejì á sọ, tí ẹ̀kẹta á tún ti ẹ̀yìn wá. Kò sẹ́ni tó tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ ní èdè Yorùbá. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà, torí mo wà níbẹ̀: ní àwọn ọdún tí ìjà òṣèlú gbóná ní Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn asọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ gbogbo, tọ̀túntòsì, ló ń fi ẹ̀rín àti èébú kó àwùjọ jọ, àwùjọ sì ń dáhùn gan-an. Lẹ́yìn ìdìbò 1965, àwọn tó jọ ń rẹ́rìn-ín lójúde ló ń dáná sun ilé ara wọn. Ní 15 oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn sójà pa Akíntọ́lá. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù àwùjọ tó ń hó ti ń bà mí. Ẹ̀rín ni ìdáhùn tó yá jù lọ lẹ́nu ènìyàn, ẹni tó bá gbà á kò tíì mọ ohun tó gbà.

Iṣẹ́ olùkọ́ gbé mi lọ sí Òṣogbo. Níbẹ̀ ni mo ti ń lọ wo ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí, kó tó di pé gbogbo ilé tó ní tẹlifíṣọ̀n ń wò ó nínú Kóòtù Aṣípa. Eré kan náà ni mo máa ń lọ wò lálẹ́ méjì tẹ̀léra, torí mo fẹ́ rí ohun tó yàtọ̀. Wọn kì í há ọ̀rọ̀ sórí láti inú ìwé. Ibi tí àwọn òǹwòran bá ti dáhùn lánàá, ibẹ̀ ni wọ́n máa fà gùn lónìí. Ibi tí wọ́n ti dákẹ́, wọ́n á sáré kọjá rẹ̀. Bí ìyá kan nínú òǹwòran bá ké sí ọ̀kan nínú wọn pé kó má gbà, òṣèré náà á yí ojú sí i, á ṣàlàyé ìdí tí òun fi fẹ́ gbà, eré á sì máa lọ. Mo kó èyí wọ kíláàsì mi. Ìṣirò tí mo kọ́ àwọn ọmọ pẹ̀lú ìbéèrè àti ègbè yé wọn ju èyí tí mo kọ sójú pátákó lọ.

Ní ìjọ wa, èmi ni wọ́n máa ń yàn láti ṣe ògbufọ̀ bí oníwàásù bá ti òkèèrè wá. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ ni oníwàásù ń wò; èmi ń wo àwọn ìyá tó wà ní ìjókòó iwájú. Bí mo bá rí i pé gbólóhùn kan ti fò wọ́n, kì í wu mí kí n kọjá, gbólóhùn rẹ̀ kan á sì di mẹ́ta lẹ́nu mi. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀ mo máa ń rántí Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther. Ní oṣù kìíní ọdún 1844 ló ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Freetown, níwájú àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú bíi tirẹ̀. Ọkùnrin yìí, tó ti ń wàásù ní gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé lọ́jọ́ náà òun dà bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè ìyá rẹ̀. Lójú tèmi, ó mọ̀ pé àwọn tó wà níwájú òun yóò gbọ́ gbogbo rẹ̀, yóò sì dà wọ́n láàmú bó bá ṣì í sọ. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì dá a lóhùn pé kí ó ṣẹ. Ó wù mí kí gbogbo oníwàásù ní irú ìbẹ̀rù yẹn níwájú èdè ara wọn.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ gbòde. Tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn ní 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, rédíò ti wà ṣáájú rẹ̀, àwọn àgbà sì ti sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. N kò bínú sí i. Àwọn bíi Adébáyọ̀ Fálétí fi iṣẹ́ ilé ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ gbé èdè wa ga, ẹ sì lè gbọ́ ọ nínú ohùn wọn pé wọ́n ń rí ẹnì kan lọ́kàn wọn bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Ohun tó dùn mí ni pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara tó dúró síwájú ọ̀pọ̀ èrò ti wá di asọ̀rọ̀mágbèsì. Ojú rẹ̀ wà lára fóònù tó ti ń ka ọ̀rọ̀, gbohùngbohùn ń gbé ohùn rẹ̀ kọjá àdúgbò mẹ́ta, kò sì mọ̀ pé àwọn tó jókòó síwájú òun ti ń bá ara wọn tàkúrọ̀sọ.

Òmíràn mọ̀, ó sì fẹ́ fi tipátipá gba ìdáhùn. "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ara yín!" "N kò gbọ́ yín dáadáa, ẹ tún un sọ!" Ìdáhùn tí wọ́n bá fipá gbà kì í sọ nǹkan kan fún asọ̀rọ̀. Ẹni tó pàtẹ́wọ́ nítorí wọ́n ní kó pa á lè ti máa ronú ìrẹsì tí wọ́n fẹ́ gbé wá. Àwọn tó kù tí mo ṣì rí iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn ni àwọn alága ìjókòó àti alága ìdúró níbi ìdána. Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ń gbọ́ ara wọn, wọ́n ń gbọ́ ilé ọkọ, wọ́n ń gbọ́ ilé ìyàwó, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ tẹ̀lé e sì máa ń ti inú èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ wá. Mo máa ń jókòó títí dé òpin nítorí tiwọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní iléèwé, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Níbi ayẹyẹ ìparí ọdún yín, ẹ yọ̀ǹda kí ọmọ kan dìde láìsí ìwé lọ́wọ́, kó kí àwọn òbí ní Yorùbá bó ṣe yẹ, kó dúró títí wọ́n á fi dá a lóhùn, kó tó sọ ohun tó fẹ́ sọ. Ẹ má ṣe gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá dákẹ́ díẹ̀. Ẹ̀yin òbí náà, bó bá kí yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a lóhùn.